Ọ̀rọ̀ Àgbàwọ̀ Lẹ́nu Olóṣèlú: Àyẹ̀wò Èdè Ìpolongo Ìbò àti Iyèméjì Olùdìbò ní Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Òwe Yorùbá kan sọ pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni í mu. Aṣọ ni òwe náà dárúkọ, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu pẹ̀lú. Ní àsìkò ìpolongo ìbò, ó ṣòro láti rí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn kan tí olóṣèlú kì í yá lò. Wọn a yá òwe lọ́wọ́ àgbà, wọn a yá ìwúre lọ́wọ́ olórí ẹbí, wọn a yá oríkì lọ́wọ́ onírárà àti orin lọ́wọ́ ẹlẹ́sìn. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, tí ẹnìkan gbà wọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó lè dà bí onílé lójú àwọn tí ó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn, ni iṣẹ́ yìí pè ní ọ̀rọ̀ àgbàwọ̀. Ó yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ àyálò ti àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, nítorí pé inú èdè kan náà ni yíyá yìí ti ń ṣẹlẹ̀: ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí ó tọ́ sí, ó bọ́ sí ẹnu ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa olùdìbò. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ dídùn ń tàn án jẹ. Àwọn mìíràn gbà pé owó ti fọ́ ọ lójú débi pé kò ka ọ̀rọ̀ kún mọ́. Èrò méjèèjì kò kún ojú òṣùwọ̀n. Olùdìbò tí ń ṣiyèméjì mọ òfin ọ̀rọ̀. Ó mọ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ irú ọ̀rọ̀ kan, ó sì mọ ohun tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ti ṣe kí ọ̀rọ̀ náà tó yẹ ẹ́ lẹ́nu. Nítorí náà, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni iyèméjì rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó wà nínú ewu nínú ọ̀rọ̀ yìí ju èsì ìbò kan lọ. Bí òwe àti ìwúre bá di ohun ẹ̀rín nítorí àwọn tí ń fi wọ́n tọrọ ìbò, èdè tí àwọn ará ìlú yóò fi bá ìjọba wọn wí yóò gbẹ pẹ̀lú wọn.

2. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Kò sí ẹni tí ó dá èdè sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà tí ó pa òwe gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà mìíràn ni. Ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá ní ọ̀nà tí yíyá fi ń bójú mu. Ọmọdé tí ó bá pa òwe níwájú àgbà yóò ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Àwọn àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ẹni tí ó bá fa ọ̀rọ̀ yọ a ní "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní". Akéwì a júbà kí ó tó la ohùn. Àwọn gbólóhùn kéékèèké wọ̀nyí ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ ní olóhun, àti pé ẹni tí ó ń lò ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú ìwé rẹ̀ Features of Yoruba Oral Poetry, tí ó jáde ní 1984, Ọlátúndé Ọlátúnjí pààlà sáàárín àwọn ẹ̀yà tí a ń fi ìṣọwọ́lò-èdè wọn dá mọ̀, bí oríkì, ọfọ̀ àti òwe, àti àwọn tí a ń fi ohùn tí wọ́n fi ń gbé wọn jáde dá mọ̀, bí ìjálá àti rárà. Ìpín yìí wúlò fún èdè ìpolongo ìbò, nítorí pé ó jẹ́ kí ó hàn pé ènìyàn lè yá ìṣọwọ́lò-èdè ẹ̀yà kan kí ó sì fi ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yá bátànì ìwúre kò tíì di baba ilé. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó tẹ̀lé e yìí yóò fi ohun tí ó ń sọnù láàárín àwọn méjèèjì hàn.

3. Ìwúre tí ó di ọ̀rọ̀ ìjọba

Gbólóhùn "Èkó ò ní bàjẹ́ o!" gbilẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní àkókò Babátúndé Fáṣọlá, tí ó ṣe gómìnà láti 2007 sí 2015. Ẹnìkan á lé e, àwùjọ á gbè é pé, "Ó bàjẹ́ tì!" Bí a bá wo bátànì rẹ̀, ìwúre ni. Nínú ìwúre, àgbà ń sọ ohun rere, àwọn ọmọ ilé ń ṣe "àṣẹ" tàbí "àmín". Ìyísódì "ò ní" tí ó wà nínú rẹ̀ náà wọ́pọ̀ nínú ìwúre Yorùbá: ilé ò ní dàrú, ọ̀nà ò ní dí, a ò ní ríjà àwọn alálẹ̀.

Agbára yíyá yìí fara sin. Kò sí ọmọ Èkó tí yóò gbọ́ pé ìlú òun kò ní bàjẹ́ tí yóò dákẹ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti gbè é dà bí ẹni tí ń gégùn-ún fún ilé ara rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe so àmín tí ènìyàn ń ṣe sí ìlú rẹ̀ mọ́ ìjọba tí ó wà lórí oyè. Ìwúre kì í sì í dárúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ta ni kò ní jẹ́ kí Èkó bàjẹ́? Gbólóhùn náà kò sọ. Èkó fúnra rẹ̀ ni olùwà ibẹ̀. Nínú ìwúre ti ilé, àìdárúkọ yìí bójú mu, nítorí pé Olódùmarè ni wọ́n ń bẹ̀. Lẹ́nu ìjọba, ó di ọ̀nà láti ṣèlérí láìjẹ gbèsè.

Ìdáhùn olùdìbò wà nínú ohùn ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Ó bàjẹ́ tì" túmọ̀ sí pé ó kọ̀ láti bàjẹ́. "Ó ti bàjẹ́" túmọ̀ sí pé bíbàjẹ́ ti ṣẹlẹ̀ tán. Ipò ọ̀rọ̀ kékeré kan àti ohùn orí rẹ̀ ni ó ya ìyìn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dùn. Ẹni tí ó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, tàbí ẹni tí àgbàrá òjò wọlé tọ̀, lè yí ìwúre náà padà láìwá ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Ní ìdìbò Ààrẹ ti ọjọ́ 25, oṣù Kejì, 2023, ẹgbẹ́ APC tí ó ń ṣàkóso Èkó gba ìbò 572,606 ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ Labour gba 582,454. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó fa èsì yìí, kò sì sí ẹni tí yóò kà á sí gbólóhùn kan lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé àmín àti ìbò kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn ènìyàn lè ṣe àmín sí ìlú wọn kí wọ́n sì mú ìbò wọn lọ sí ibòmíràn.

4. Ìmọ́lẹ̀ àti Ọ̀rànmíyàn

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá ti mọ iyì àmì láti ìgbà ọ̀pẹ ti Action Group àti àkùkọ ti NCNC. Nígbà tí wọ́n dá UPN sílẹ̀ ní 1978, iná ni àmì rẹ̀, "Ìmọ́lẹ̀" sì ni àwọn ènìyàn ń pè é. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni èyí: ìmọ́lẹ̀ dúró fún ẹ̀kọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò lọ jìnnà kí ó tó rí ẹ̀rí rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, 1955. Nígbà tí UPN wá ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele ní 1979, ọmọ ọdún 6 tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955 ti di ẹni 30 ọdún, ó sì lè dìbò. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àfiwé náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ko ẹgbẹ́ yìí ní láti wá ìdí mìíràn. Kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣófo.

Ní ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 16, oṣù Keje, 2022, Adémọ́lá Adélékè ti ẹgbẹ́ PDP gba ìbò 403,371, Gbóyèga Oyètọ́lá tí ó wà lórí oyè gba 375,027. "Ìmọ́lẹ̀" ni àwọn alátìlẹ́yìn Adélékè ń pè é. PDP kì í ṣe àrólé UPN, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì ní ooru lára fún àwọn tí wọ́n rántí, ìdí nìyí tí ó fi ṣeé yá. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ kíyè sí ni pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ti yí padà. Ní 1979, ìmọ́lẹ̀ dúró fún ètò kan tí ènìyàn lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní 2022, ó dúró fún ènìyàn. Olùdìbò lè bi ètò léèrè pé ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ni. Orúkọ àpọ́nlé kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú.

Ní Ọ̀ṣun kan náà, ṣáájú èyí, àjọ ìpolongo Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fún ìdìbò 2007 ń jẹ́ Ọ̀rànmíyàn. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní oṣù Kọkànlá, 2010, ó sì gun orí oyè. Ìjọba rẹ̀ pe ìpínlẹ̀ náà ní Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí. Ní 2013, ó pe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí ó pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ akọni, orúkọ ìwà àti orúkọ tí ó mú ọpọ́n Ifá wá sọ́kàn ni ìjọba kan ṣoṣo kó jọ. Ní 2015, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ òṣìṣẹ́ wọn lówó-oṣù, Ọ̀ṣun sì wà nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà le fún. Ìṣòro náà kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kan nìkan. Orúkọ ni ó mú kí ti Ọ̀ṣun dun etí ju ti ibòmíràn lọ. Ìpínlẹ̀ mìíràn lè jẹ gbèsè, kí gbèsè náà má sì ju gbèsè lọ. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí a máa san ohun tí ó jẹ. Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní nìyẹn kí ó tó wọ inú ìwé ìjọba, kò sì sí ẹni tí ó lè yá a kí ó fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí ilé.

Ìtàn kan tí wọ́n ń sọ ní Ilé-Ifẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yá orúkọ Ọ̀rànmíyàn. Wọ́n ní akọni náà ṣèlérí pé bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Ní ọjọ́ kan, àwọn kan pè é láìsí ogun. Ó jáde, ó sì pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jáde mọ́. Ìpè ni ìtàn yìí dá lé lórí. Orúkọ ńlá wà fún ọjọ́ ńlá. Ẹni tí ó bá pè é láìnídìí ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tí yóò nílò rẹ̀ lọ́la.

5. "Èmi ló kàn"

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, 2022, Bọ́lá Tinúbú bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà. Ó ka ipa tí ó kó nínú bí Muhammadu Buhari ṣe di Ààrẹ ní 2015, lẹ́yìn tí Buhari ti díje nígbà mẹ́ta láìborí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Èmi ló kàn." Kò sí òwe nínú gbólóhùn yìí, kò sí ìwúre, kò sí oríkì. Síbẹ̀, ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ ìpolongo tí ó wọ ẹnu ará ìlú jù lọ ní ọdún náà.

Gbólóhùn alátẹnumọ́ ni. "Èmi" ṣáájú, "ni" sì tẹnu mọ́ ọn débi pé ó yọ gbogbo ẹlòmíràn kúrò. Ọ̀rọ̀-ìṣe "kàn" ni ó yẹ kí a wò dáadáa. Kò lè dá dúró. Ó nílò ìlà kan tí gbogbo ènìyàn ti gbà tẹ́lẹ̀. Ní etí kànga, ẹni tí garawa rẹ̀ ṣáájú ni ó kàn. Nínú èésú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ti ẹni tí ó kó kẹ́yìn ni ó kàn. Nítorí náà, gbólóhùn tí ó dà bí ọ̀rọ̀ lásán yìí pẹ̀lú jẹ́ àgbàwọ̀. Inú èésú ni wọ́n ti yá a, kò sì tètè hàn nítorí pé kò wọ aṣọ ewì.

Èésú ní òfin tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí yóò kó gbọ́dọ̀ máa dá, ìwé orúkọ kì í sì í ṣe àṣírí láàárín àwọn tí ń dá a. Nínú ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n kà sí dídá ni ìrànlọ́wọ́ tí aṣáájú kan ṣe fún aṣáájú mìíràn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yìí, àwọn aṣáájú ni wọ́n wà nínú èésú náà. Olùdìbò tí ó san owó-orí, tí ó sì tò nínú oòrùn láti dìbò, kò sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni láti ọwọ́ rẹ̀ ni owó ti ń wá. Kí a má ṣe àbòsí, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó sì wà fún. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó gbọ́ ọ.

Àwọn ará ìlú náà wá yá a. Ẹni tí ó tò fún epo bẹntiróòlù ń sọ ọ́, ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀ ń sọ ọ́, ọmọ tí ó fẹ́ mú ẹran nínú àwo ń sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ náà ń ṣe iṣẹ́. Ó gbé gbólóhùn náà lọ sí ibi tí ìlà gidi wà, ó sì jẹ́ kí ó hàn pé ní ibi tí ó ti wá, ojú gbogbo ènìyàn kò tó ìlà náà.

Nígbà tí ó di ìdìbò gbogboogbò, ìpolongo náà padà sínú yíyá tí ó hàn gbangba. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí Ìrètí Ọ̀tun. M.K.O. Abíọ́lá ni ó kọ́kọ́ fi ìrètí ṣe àkọlé ìpolongo tirẹ̀ fún ìdìbò ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, 1993. Ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà, Abíọ́lá sì kú sínú àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, 1998. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tinúbú kì í ṣe àjèjì sí i. Ó wà nínú NADECO tí ó jà nítorí ìdìbò náà, ó sì lọ sí ìgbèkùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti yá a ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti yá nǹkan yàtọ̀ sí sísan án padà. Lẹ́yìn tí ó kéde ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, iye owó epo ju ìlọ́po méjì lọ. Ní oṣù Kẹjọ, 2024, ìfẹ̀hónúhàn lórí ebi àti ọ̀wọ́n-gógó bẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ìjọba lè jà fún ètò rẹ̀, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé sì lè dá a láre. Ṣùgbọ́n igbe "Ebi ń pa wá" kò yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìrètí kò fi lè bò ó mọ́lẹ̀.

6. Ìdáhùn olùdìbò

Ní Èkìtì, ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, 2014, Káyọ̀dé Fáyẹmí tí ó wà lórí oyè gba ìbò 120,433, Ayọ̀délé Fáyóṣe gba 203,090, ó sì borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pé ikùn náà nílò ohun amáyédẹrùn tirẹ̀ ti gbilẹ̀ nínú òṣèlú Nàìjíríà. Nígbà ìdìbò gómìnà ti oṣù Keje, 2018, gbólóhùn kan ti gba ìlú: "Dìbò kí o sebẹ̀."

Iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ kò kéré. Gbólóhùn kéékèèké méjì ni ó wọ̀n bákan náà: "dì" pàdé "ìbò", "se" pàdé "ọbẹ̀", ìpajẹ fáwẹ̀lì sì ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Bí òwe ni ó rí, ẹni tí ó dá a kò sì hàn, gẹ́gẹ́ bí ti òwe. Ìtumọ̀ rẹ̀ le. Ó ń sọ pé ìwúre kò ṣeé sè, ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé jẹ. Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ kò ti ní san lẹ́yìn ìbò, kí olùdìbò gba tirẹ̀ ní ibùdó ìdìbò. Gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́, ó rí àrùn. Gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn, ó kùnà. Òfin ka títà àti rírà ìbò sí ẹ̀ṣẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kan kì í sì í tó jẹ fún ọdún mẹ́rin.

Ibí yìí ni ewu iyèméjì wà. Iyèméjì náà lè di àgbàwọ̀. "Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn" jẹ́ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè gbé wọ̀ láìwo ẹnikẹ́ni wò. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti orúkọ àpọ́nlé lásán. Ó ti dákẹ́ iṣẹ́ lámèyítọ́. Ní 2023, àwọn 93,469,008 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé olùdìbò ní Nàìjíríà. 25,286,616 péré ni wọ́n yẹ̀ wò ní ibùdó ìdìbò. Ìpayà, ọ̀nà jíjìn àti àìrí káàdì gbà dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé gbólóhùn yìí ni ó dá wọn dúró, ẹni tí wọ́n fura sí jù lọ ni ó sì jèrè rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

Nínú fíìmù Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999, ẹni tí yóò jọba ní Jógbó gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ kí ó tó dé adé. Lápité fẹ́ adé, ó kọ gbẹ́rẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara rẹ̀. Ìṣòro èdè ìpolongo ìbò nìyí. Òwe, ìwúre àti orúkọ akọni kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nínú àwùjọ tí ó bí wọn. Wọ́n máa ń di ẹni tí ó sọ wọ́n mú.

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé olùdìbò kò kórìíra ọ̀rọ̀ tí a yá. Ní 1979, ó gba àfiwé iná nítorí pé ó mọ ọdún tí wọ́n tan iná náà. Ohun tí ó ń bi gbogbo ọ̀rọ̀ àgbàwọ̀ ni pé: ta ni ó ni ọ́, kí ni ẹni náà ṣe kí ó tó ní ọ, kí sì ni ẹni tí ó gbé ọ wọ̀ yìí ti ṣe? Ìbéèrè wọ̀nyí bá iṣẹ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá mu. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gba ọ̀rọ̀ ìpolongo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gba ìjálá àti rárà sílẹ̀, kí wọ́n fi ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ sí i, kí wọ́n sì gba ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ará ọjà fi dá a lóhùn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ìdìbò mìíràn bá dé, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣòkòtò náà fún ni tàbí ó ṣo yóò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.